Ọkọ̀ wa ti gúnlẹ̀ o! Bí a ṣe fi omi gbé Àṣàkẹ́ délé

Ẹ bá mi dúpẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ̀ ti dé, Àṣàkẹ́ lorúkọ ẹ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mò ń wí, ọkọ̀ ojú omi ni, ọkọ̀ ìgbòkun gidi tó ní ibùsùn, tó ní ilé ìdáná, sítóòfù gáàsì olójú méjì wà níbẹ̀, tọ́ílẹ́ẹ̀tì kékeré wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ́ńjìnì dísù sì wà nínú ikùn ẹ̀. Ó ti wà lórí odò Medway báyìí, ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ti so ó mọ́ bọ́ì tiẹ̀, ìyẹn ohun tó ń léfòó tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ fún síso ọkọ̀, níwájú Gillingham níbí, tí mo bá rìn dé etí omi mo lè nàka sí òpó ẹ̀ láàárín àwọn tó kù kí n sọ pé tiwa nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mi ò lè pa á mọ́ra, gbogbo ẹni tó bá dá mi dúró níbi iṣẹ́ ló ti gbọ́, ó kù ẹ̀yin.

Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ọkọ̀ tó jẹ́, Westerly Centaur ni. Gígùn ẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 26, ìyẹn ò tíì pé mítà 8, ó sì fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ díẹ̀, èèyàn 6 lè sùn sínú ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Westerly ní Waterlooville, nítòsí Portsmouth, ló ń kàn án láti 1969 títí di 1980, àwọn Laurent Giles ló ya àwòrán ẹ̀, wọ́n sì ṣe tó lé ní 2,400, ìyẹn ló jẹ́ pé ó ṣòro kẹ́ ẹ dé èbúté kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kẹ́ ẹ má rí ọ̀kan. Ohun tó gbé e wọ̀ mí lọ́kàn ni ẹsẹ̀ méjì tó ní nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ní, ohun tó wúwo tó gùn wọ inú omi tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dojú dé, àmọ́ tí omi bá fà tán lábẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló máa fi lélẹ̀. Centaur ní méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, omi ẹsẹ̀ bàtà 3 sì ti tó o láti léfòó. Ẹ mọ̀ pé Medway tiwa yìí, ẹrẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀. Tí òṣùpá bá dé àránmọ́jú tàbí tí oṣù tuntun bá lé, omi á gòkè á sọ̀kalẹ̀ ju mítà 5 lọ ní Sheerness lẹ́nu odò yìí, bíi wákàtí 6 ló fi ń kún, bíi wákàtí 6 ló fi ń fà, tó bá fà tán, ibi tí ọkọ̀ ti ń léfòó láàárọ̀ á di pápá ẹrẹ̀ tí àwọn ẹyẹ ń jẹ̀ kiri lórí ẹ̀. Ibi tí bọ́ì tiwa wà máa ń gbẹ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì á kàn rọra jókòó sórí ẹrẹ̀ ni, tí omi bá padà dé, á dìde. Owó bọ́ì tó ń gbẹ ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó màrínà, èbúté ìgbafẹ́ tí omi ẹ̀ kì í gbẹ, òun ló jẹ́ kí apá wa ká a.

Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ torí wọ́n ti sọ ọ́ lójú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti lówó tó báyẹn ni?" Lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, ọkọ̀ ojú omi tara ẹni, nǹkan àwọn bílíọ́nìà ni, àwọn tó ní èbúté lẹ́yìn ilé wọn ní Ìkòyí. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, iye tí mo ra ọkọ̀ yìí ò tó iye tí mo ra Corolla tí mò ń wà lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ tó ti lé lógójì ọdún ni, fáíbà gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ara ẹ̀, fáíbà kì í jẹrà bíi pákó, tẹ́ ẹ bá ń tọ́jú ẹ̀ á pẹ́ láyé. Nǹkan tó ń gbowó ni ìtọ́jú, owó bọ́ì lọ́dọọdún, owó ìnṣọ́ránsì, owó ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀, owó okùn, okùn ò lópin o. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò sì ní kẹ́ ẹ wá gba láìsẹ́ǹsì kẹ́ ẹ tó tu irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ lójú òkun fún ìgbádùn ara yín, rédíò VHF tí àwọn ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń béèrè ìwé ẹ̀rí fún. Àmọ́ mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó kàn bọ́ sínú ọkọ̀ kó máa lọ. Èmi lọ kọ́ ọ. Mo ṣe Competent Crew ti RYA, ẹgbẹ́ àwọn atukọ̀ ìgbafẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ẹ̀kọ́ ọmọ iṣẹ́ inú ọkọ̀, mo ṣe Day Skipper, ẹ̀kọ́ ọ̀gá ọkọ̀, tẹ̀lé e, gbogbo alẹ́ ìgbà òtútù ni mo fi jókòó ti àwòrán òkun àti ìṣirò omi, ìyàwó mi á ní "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ìdánwò WAEC lẹ tún fẹ́ ṣe ni?" á sì gbé tíì sílẹ̀ fún mi.

Mo pe màámi lórí WhatsApp láti sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ ojú omi? Ìwọ?" Mo ní ẹ̀n-ẹ́n màámi, ọkọ̀ ìgbòkun ni. Wọ́n ní, "Ẹ̀jẹ̀ ìyá mi nìyẹn." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, ojú mi sì kún fómi.

Ìyá wọn tí wọ́n ń sọ yẹn, ìyá wa àgbà, Àṣàkẹ́ loríkì wọn, òun la fi sọ ọkọ̀ yìí lórúkọ, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n. Láyé ìgbà tí ọ̀nà orí ilẹ̀ ò tíì dáa, orí ọ̀sà ni wọ́n ń gbà kó gaàrí àti ẹja gbígbẹ lọ sí Ẹ̀bùtẹ́-Èrò l'Ékòó, wọ́n á sùn sínú ọkọ̀ mọ́jú, wọ́n á dáná sínú ọkọ̀, wọ́n á dúró de atẹ́gùn tó máa bá wọn gbé e. Mi ò bá wọn gun ọkọ̀ yẹn rí, ìtàn ni mo bá. Èyí tí mo fojú ara mi rí ni àwọn apẹja tó ń ta ìgbòkun lórí ọ̀sà l'Ékòó, ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán pọ̀, tí àwa máa ń wò láti inú dáńfó lórí Third Mainland Bridge. Gbogbo èèyàn inú mọ́tò á máa kanra nítorí go-slow, èmi á ti gbé ojú mi sí omi, mo máa ń rò ó pé àwọn wọ̀nyẹn ti kọjá wa tipẹ́, kò sì sí epo nínú ọkọ̀ wọn. Èkó tí wọ́n ń kì ní Arómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, ọmọ ẹ̀ tó bá dé ìlú olómi tó wá fẹ́ràn ọkọ̀, kí ló yani lẹ́nu níbẹ̀?

Odò Orwell ní Suffolk ni mo ti rí ọkọ̀ yìí rà, lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan tó ti dàgbà tí orúnkún ò sì jẹ́ kó lè máa gun ọkọ̀ mọ́. Kí n tó sanwó mo gba ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ó mú òòlù kékeré kan dání, ó ń gbá ara ọkọ̀ náà kọ́-kọ́-kọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń tẹ́tí sí ìró ẹ̀, níbi tí fáíbà bá ti le ìró ẹ̀ á dún gan-an, níbi tí omi bá ti wọ̀ ọ́ á dún bí ohun tó ṣófo. Àwọn Centaur ní àìsàn kan tí gbogbo àwọn tó ń rà á mọ̀, ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé ara ọkọ̀ ni, fáíbà ibẹ̀ máa ń rẹ̀ tó bá ti jókòó sórí ilẹ̀ tó le fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bàbá yẹn ti tún tiẹ̀ ṣe, ó fi fáíbà tuntun bò ó nínú, ó pààrọ̀ àwọn bóòtù ẹ̀, ó sì kó gbogbo rìsíìtì jáde. Ó tún ti yọ ẹ́ńjìnì Volvo àtijọ́ kúrò, ó fi Beta sí i. Mo ní kò burú, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Gbogbo ọ̀sán ló fi ń fi okùn kọ̀ọ̀kan hàn mí, ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ, èyí tó máa ń lọ́ àti èyí tí mi ò gbọ́dọ̀ tú nígbà tí atẹ́gùn bá le. Ó kó ìwé ìrìn àjò ọkọ̀ náà fún mi tó kún fún ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀, wọ́n ti gbé e dé ilẹ̀ Holland. Ọkọ̀ kékeré yìí!

Ọ̀rọ̀ wá kan bí a ṣe máa gbé e délé, ibí yìí gan-an ni mo ń bọ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ló ní kí n pe lọ́rí. Wọ́n á fi kíréènì gbé e sórí ẹ̀, wọ́n á já a sílẹ̀ ní Medway ní ọjọ́ kan náà, kò séwu. Òótọ́ ni. Mo sì mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí lọ́rí ló dáa jù, tí ọkọ̀ bá ti pẹ́ lórí ilẹ̀ tí ẹnì kan ò mọ bí ìgbòkun ẹ̀ ṣe wà, tàbí nígbà òtútù tí ilẹ̀ ń tètè ṣú. Àmọ́ tí ara ọkọ̀ bá dá, tí ojú ọjọ́ bá dáa, tẹ́ ẹ sì rí ẹni tó mọ̀nà bá yín lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi omi gbé e délé. Tí lọ́rí bá gbé e wá, ẹrù ni wọ́n já sílẹ̀ fún yín. Tẹ́ ẹ bá tù ú wá, kẹ́ ẹ tó dé ẹ ó ti mọ bó ṣe ń mí, ẹ ó ti mọ ìró tó ń ké nígbà tí ìgbì bá lù ú légbẹ̀ẹ́, ẹ ó ti mọ bó ṣe ń fẹ́ yí imú ẹ̀ sí atẹ́gùn tẹ́ ẹ bá fi igi ìtọ́kọ̀ sílẹ̀, ẹ ó ti mọ bó ṣe ń yára sí àti bó ṣe ń pẹ́ sí kó tó dúró. Mi ò fẹ́ kọ́ gbogbo ìyẹn lẹ́yìn. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà.

Àwa mẹ́ta la lọ. Èmi, àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Thamesmead, àti bàbá tó kọ́ mi ní Day Skipper, tó ti ń tukọ̀ lẹ́nu odò Thames láti ìgbà èwe ẹ̀. Láti Orwell dé Medway ju máìlì òkun 50 lọ, ọkọ̀ tiwa sì máa ń sáré bíi 5 nọ́ọ̀tì, ìyẹn máìlì òkun 5 ní wákàtí kan, àmọ́ tí omi bá ń ṣàn sọ́dọ̀ tẹ́ ẹ ń lọ, á fi kún un lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá ń ṣàn bọ̀ wá pàdé yín, ẹ ó kàn máa wo ilé kan náà létíkun ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lẹ́nu odò Thames, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń dá àkókò tẹ́ ẹ máa ṣíkọ̀. Omi ló ń dá a. Níbẹ̀, tí omi bá ń kún, ó ń ṣàn wọlé sápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ibi tí à ń lọ gan-an. A wá pín ìrìn àjò náà sí méjì, a ó sùn ní Brightlingsea. A ó kúrò ní Orwell nígbà tí omi bá ń fà lọ tán, á gbé wa jáde sẹ́nu òkun, á kan omi tó ń padà bọ̀ níbẹ̀, ìyẹn á sì gbé wa lọ. Nígbà tí bàbá olùkọ́ yẹn fi ìka tọ̀ ọ́ lórí àwòrán, tí gbogbo ẹ̀ bọ́ síra wọn báyẹn, mo pariwo.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, òjò ò sí, atẹ́gùn ń fẹ́ láti àríwá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n ní 4 ni lórí ìwọ̀n Beaufort tí wọ́n fi ń mọ agbára atẹ́gùn, atẹ́gùn tó tó fún ọkọ̀ bíi tiwa láì dá ẹ̀rù bani. A tan ẹ́ńjìnì, a tú okùn. A kọjá iwájú Pin Mill, níbi tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ayé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní bájì máa ń wà, àwọn onígbòkun pupa rúsúrúsú, igbó ẹ̀gbẹ́ omi tutù, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àwa mẹ́ta. Ojú mi ò kúrò lára ọkọ̀ náà. Mo fọwọ́ kan igi ìtọ́kọ̀, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, mo ní ṣé tèmi ni èyí lóòótọ́?

Ẹ wá jẹ́ n sọ ti Felixstowe fún yín. Èbúté kọ̀ńténà tó tóbi jù ní Bìrìtìkó ni, àwọn ọkọ̀ tó ń gúnlẹ̀ síbẹ̀ gùn tó mítà 400, tẹ́ ẹ bá wà nínú ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 26 tí ọ̀kan nínú wọn bá ń bọ̀, ẹ ó kàn rí ògiri irin tó bo ojú ọ̀run ni. Ọ̀nà tiwọn wà, ó jìn, bọ́ì pupa àti bọ́ì aláwọ̀ ewé ló là á sílẹ̀, ọ̀nà tiwa àwọn kéékèèké sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gúúsù ẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ wọ tiwọn. A fi rédíò sí chánẹ́ẹ̀lì 71 ká lè máa gbọ́ bí àwọn ti Harwich, èbúté tó wà ní òdìkejì omi, ṣe ń darí àwọn ọkọ̀ ńlá. Àbúrò mi ń wo kọ̀ńténà tí wọ́n kó jọ, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ṣeé ṣe kí bàrẹ́ẹ̀lì tí a fi ránṣẹ́ sílé wà nínú èyí o." Mo ní kó máa wo bọ́ì ẹ̀ jàre.

A jáde sí gbangba òkun. Ìgbà yẹn ni bàbá olùkọ́ ní ká ta ìgbòkun. A fa ti ńlá gòkè, a tú ti iwájú, wọ́n kọ́kọ́ ń gbọ̀n pà-pà-pà, lẹ́yìn náà ni mo yí imú ọkọ̀ díẹ̀ tí atẹ́gùn fi kó sínú wọn, wọ́n sì wú. Ọkọ̀ náà fi ẹ̀gbẹ́ tẹ̀ díẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo pa ẹ́ńjìnì. Àbúrò mi fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó ti kú ni?" Mo ní kò kú o, mo pa á ni. Ó wo mi, ó wo ìgbòkun, ó wo omi tó ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó jókòó padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní "Ọlọ́run ńlá." Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan nípa ìṣẹ́jú yẹn, mo ti tu ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà rí, kò sí èyí tó múra mi sílẹ̀ fún un. Ariwo dákẹ́ lójijì, òórùn dísù lọ, ọkọ̀ náà sì ń lọ, ó ń lọ gan-an, 5 nọ́ọ̀tì, omi ń kọrin nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa, mo sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo di igi ìtọ́kọ̀ mú, mo ń gbọ́ ohun tí omi ń sọ nínú ẹ̀. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Tí mo bá ní ká fi lọ́rí gbé e, ibo ni ǹ bá ti rí ìyẹn?

A rí ilé ìṣọ́ Naze lápá ọ̀tún, bíríkì ni, igun mẹ́jọ ló ní, àwọn Trinity House, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó iná àti àmì ojú òkun, ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1720 kí àwọn atukọ̀ lè fi mọ ibi tí wọ́n wà, àwa náà fi í mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn bí 300 ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Wallet, láàárín etíkun Essex àti iyanrìn Gunfleet, àwọn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń pèsè iná dúró lọ súà lápá òsì, èbúté ìgbafẹ́ Clacton sì wà lápá ọ̀tún. Omi ń gbé wa lọ bí wọ́n ṣe ṣírò ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ká tó yà wọ odò Colne, mo fi ìtọ́kọ̀ lé àbúrò mi lọ́wọ́, kò fẹ́ dá a padà mọ́.

Ní Brightlingsea, a so ọkọ̀ tán, a sè. Ìyàwó mi ti di ẹ̀fọ́ rírò sínú kúlà fún wa pẹ̀lú panla àti pọ̀nmọ́. Mo gbé kẹ́tùlù ka sítóòfù, àbúrò mi ro ẹ̀bà lórí tábìlì kékeré tó wà láàárín ibùsùn méjèèjì, gbogbo inú ọkọ̀ gba òórùn irú, ó gba òórùn ilé. Bàbá olùkọ́ wẹ ọwọ́, ó jẹ ẹ́ bí a ṣe ń jẹ ẹ́, ó tún bu òmíràn. Ó sọ pé gbogbo ọkọ̀ lòun ti jẹun sí, pé oúnjẹ òní ló wọ òun lára jù. Ìyẹn gan-an lohun tí ọkọ̀ tó ní ilé ìdáná fi yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn ń fi ṣeré ìje, ẹ ti kúrò nílé, ilé sì bá yín wá. Ọkọ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ lóru, omi ń lá ara ẹ̀, mi ò sùn púpọ̀, mo kàn dùbúlẹ̀ tí mò ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́ kejì ni ìrìn tó nílò ojú. Láàárín Wallet àti Swin, ọ̀nà omi kejì tí a fẹ́ gbà, iyanrìn ló dínà, ibi tí àwọn atukọ̀ sábà ń gbà níbẹ̀ ni Spitway, bọ́ì kan wà lápá ìhín, ọ̀kan wà lápá ọ̀hún, omi àárín wọn ò jìn, iyanrìn ibẹ̀ sì máa ń ṣípò, àwòrán ọdún tó kọjá lè má jọ tọdún yìí. Òṣùpá àránmọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, omi ń fà lọ sílẹ̀ gan-an nígbà yẹn, a wá ṣe é kó jẹ́ pé lẹ́yìn tí omi bá ti ń padà ló máa bá wa níbẹ̀. Àbúrò mi ń ka ìwọ̀n jíjìn omi sókè: mítà 3, mítà 2 àti díẹ̀, mítà 2. Mo ń ṣe àmín lábẹ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 3 tí ọkọ̀ wa ń mu ò tó mítà 1, a kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọkọ̀ kan tó ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó jìn wọ inú omi wà lẹ́yìn wa tó ń dúró kí omi tún kún sí i. Mo fọwọ́ pa Àṣàkẹ́ lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn, Swin, wákàtí lẹ́yìn wákàtí, atẹ́gùn àríwá lẹ́yìn wa, iyanrìn Maplin gbalẹ̀ lọ lápá ọ̀tún, omi àti ojú ọ̀run nìkan, àwọn séàlì kan dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn tí wọ́n ń wò wá. Mi ò ní púpọ̀ sọ nípa ẹ̀ ju pé ó dùn. Ní bọ́ì Blacktail Spit a yà sápá gúúsù láti sọdá ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbọ́dọ̀ sọdá ẹ̀ tààrà bí ẹni tó ń sọdá títì, ẹ sì ń gbọ́ London VTS, àwọn tó ń darí ọkọ̀ níbẹ̀, lórí chánẹ́ẹ̀lì 69 kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ń wọ Medway, ẹ ó rí òpó irin tó yọrí láti inú omi lápá ọ̀tún, bọ́ì sì yí i ká. Richard Montgomery nìyẹn, ọkọ̀ ẹrù Amẹ́ríkà tó fẹsẹ̀ kanlẹ̀ síbẹ̀ ní August 1944 nígbà ogun tó sì là sí méjì, nǹkan bíi 1,400 tọ́ọ̀nù àdó olóró ló ṣì wà nínú ẹ̀ títí dòní, wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sún mọ́ ọn. A kí i látọ̀ọ́kán, a tẹ̀ síwájú.

A wọlé ní Garrison Point, ẹnu odò Medway, pẹ̀lú omi tó ń kún, a kọjá Queenborough, a kọjá Darnett àti Hoo, àwọn ilé odi àtijọ́ tó wà lórí erékùṣù wọn láàárín odò, mo ti máa ń wò wọ́n láti etí omi láti ọdún tí mo ti ń gbé níbí. Ẹ̀yìn wọn ni mo ti ń bọ̀ báyìí. Ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wà létí omi tí wọ́n ń ju ọwọ́, ọmọbìnrin mi ń pariwo "Dádì! Dádì!" débi pé gbogbo èèyàn tó ń rìn kiri ló dúró wò. Bàbá olùkọ́ ò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó jẹ́ kí n mú bọ́ì fúnra mi, mo rọra lọ lòdì sí omi tó ń ṣàn, àbúrò mi na ọ̀pá, ó kọ́ okùn, ó di.

Àwọn atukọ̀ òyìnbó ní kì í dáa kéèyàn pa orúkọ ọkọ̀ dà láìṣètùtù. Àwa mọ bí wọ́n ṣe ń sọmọ lórúkọ, mo ní ká ṣe tiwa. A kó oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi tútù sínú àwo, a fi ọkọ̀ rọ́bà kékeré gbé ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wọlé, a to ara wa síbi ìjókòó ẹ̀yìn, màámi sì wà lórí fídíò láti Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní kí n gbé fóònù sún mọ́ iwájú ọkọ̀ káwọn lè bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, àlọ re, àbọ̀ re. Omi á máa gbé ọ, omi ò ní gbé ọ lọ. O ò ní sọ èrò nù." A ṣe àmín tó gba gbogbo odò. Wọ́n wá ní kí n yí fóònù kiri káwọn rí ilé ìdáná, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní ìkòkò yín kéré.

Iṣẹ́ wà nílẹ̀ o. Ìgbòkun iwájú ti gbó, á tó pààrọ̀. Mo ní láti kọ orúkọ tuntun sí ìdí ọkọ̀, kí n sì yí ìwé ẹ̀ padà sí orúkọ mi nílé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ kéékèèké. Tìmùtìmù ibùsùn iwájú ń fẹ́ aṣọ, ìyàwó mi ti ní àdìrẹ lòun fẹ́ fi rán an, ó ti ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Ní òpin ọ̀sẹ̀ tí omi bá kún láàárọ̀, a máa kó àwọn ọmọ lọ sùn ní Queenborough, kò jìnnà, wọ́n á lè gbìyànjú ìtọ́kọ̀ níbi tí kò sí ìgbì. Lẹ́yìn náà ó kan Ramsgate, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì bá wa ṣe é, láti Ramsgate, Faransé ò jìnnà. Àbúrò mi ti ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì tiẹ̀, kò bi mí bóyá mo máa mú un dání.